Ẹ bá mi wo ẹ̀dá tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi Òde-Omi: ṣé Euplotes vannus ni mo lè pè é?

Tíṣà Ọmọ Olómi, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ọmọ etí òkun ni ìyá mi, Òde-Omi ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ kí ìyá ìyá mi níbẹ̀, mo sì kó ìgò ike mẹ́ta sínú àpò. Omi òkun gan-an ni mo bù sínú èkíní, níbi tí ìgbì ti ń fọ́. Ní ti èkejì, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo fi ṣíbí ha. Ẹ mọ ohun yíyọ̀ yẹn tó máa ń lẹ̀ mọ́ pákó bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nínú omi. Òun ni mo kó, mo wá fi omi òkun tó yí i ká kún ìgò náà. Ọ̀sà Ìwópin ni mo ti bu ẹ̀kẹta nígbà tí mò ń padà bọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ju hóró ìrẹsì ọ̀fàdà kọ̀ọ̀kan sínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tú ọmọrí wọn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mo sì gbé wọn sí abẹ́ tábìlì níbi tí oòrùn kò ti ní pa wọ́n. Bakitéríà á jẹ ìrẹsì, àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan á sì máa jẹ bakitéríà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo kán omi ìgò kejì sórí gíláàsì. Kì í ṣe òmùwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ohun tó ń rìn ni. Ó pẹlẹbẹ bí hóró ẹ̀gúsí, iwájú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ó dúró lórí ìdọ̀tí kan, ó sì ń fi àwọn nǹkan bí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí akàn tó ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ló ta sẹ́yìn, ó yí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti iwájú rẹ̀ títí dé àárín ni ohun kan wà tó ń jù fìrìfìrì, tó ń fẹ́ omi wọ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo gbé gíláàsì náà dé kíláàsì, àwọn ọmọ SS2 mi kò jẹ́ kí n sinmi. "Akàn Màmá Tíṣà" ni wọ́n sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn onírun wẹ́wẹ́ tí ìwé ń pè ní ciliate ni. Mo gbé fídíò tí mo fi fóònù yà sínú áàpù kan, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá mi mú wá. Mo wo àwòrán kiri, ó jọ Euplotes vannus lójú mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì wa pé a rí i ní Òde-Omi, mo sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, torí bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bá kọ irọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ náà.

Kí ni kí n wò kó tó lè dá mi lójú? Ṣé fídíò tó? Mo ní máíkíróskóòpù kan tí lẹ́ǹsì rẹ̀ dé 40, ìyẹn ìlọ́po 400 tí ẹ bá ti fi ti ojú kún un. Àti pé ìbéèrè mìíràn: ìkán omi ìgò èkíní tó wà lórí gíláàsì ti ń gbẹ lọ, mo bá fi omi inú ọ̀rá díẹ̀ kún un. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo ohun tó wà nínú ìkán omi tí mò ń wò wú, òmíràn sì bẹ́. Ó dùn mí gan-an. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Alálábù Àgọ́-Ìwòyè

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ omi ọ̀rá yẹn. Omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, ti inú ọ̀rá kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá. Bí ẹ ṣe bu omi aláìníyọ̀ lé wọn lórí, omi rọ́ wọ inú ara wọn. Wọ́n ní àpò kékeré kan tó máa ń fún omi jáde, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé inú òkun kì í fún un kíákíá bíi ti inú odò, torí kò sí ohun tó ń lé e. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti bẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bu omi òkun tó pọ̀ wálé, ẹ fi bébà ìsẹ́mi sẹ́ ẹ, ẹ gbé e pamọ́. Òun nìkan ni kí ẹ máa fi kún ìgò.

Ní ti akàn yín: Euplotes ni. Ìrìn yẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀rí. Ohun tí ẹ pè ní ẹsẹ̀ kì í ṣe irun kan ṣoṣo. Irun wẹ́wẹ́ púpọ̀ ló dìpọ̀ tí wọ́n ń ṣe bí ọ̀kan, bí a ṣe ń di ọwọ̀ tí a ó fi gbálẹ̀. Cirrus ni ìwé ń pe ìdì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń jù fìrìfìrì níwájú náà, irun ni, àmọ́ wọ́n tò bí pátákó kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n vannus? Ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé Euplotes crassus àti Euplotes minuta jọ ọ́ pẹ̀lú, inú omi iyọ̀ ni gbogbo wọn wà, ẹsẹ̀ wọn sì dọ́gba. Èyí tí ẹ lè ṣe nílé ni kí ẹ ka ìdì irun tó wà níkùn. Ka àwọn ti iwájú àti àárín papọ̀, kí ẹ wá ka àwọn tó tò sẹ́yìn lọ́tọ̀. Nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, iwájú àti àárín máa ń jẹ́ 10, ti ẹ̀yìn 5. Euplotes mìíràn wà tó jẹ́ 9, 8 tàbí 7 ló ní níwájú. Nítorí náà bí ẹ bá ka 9, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ vannus pátápátá.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹjọ́ tó kù wà. Lẹ́yìn Euplotes, irun kúkúrú tò ní ìlà gbọọrọ láti orí dé ìdí. Láàárín ìlà méjì, bí a bá fi silver nitrate, ìyẹn iyọ̀ fàdákà, kùn ún, okùn dúdú tín-ín-rín á hàn bí àwọ̀n apẹja. Bó bá jẹ́ ojú àwọ̀n ńlá kan ṣoṣo ló gba ààyè tó wà láàárín ìlà méjì, agbo vannus nìyẹn. Bí okùn kan bá tún gba àárín kọjá tó pín in sí méjì, ibòmíràn ni ẹ wà, ó lè jẹ́ Euplotes charon, tí òun náà ní 10 níkùn. Ẹ wá rí i pé fídíò fóònù kò lè sọ èyí fún yín láéláé. Kò sí bí lẹ́ǹsì ṣe lè dára tó, àwọ̀n yẹn kì í hàn láìsí fàdákà.

Ẹlẹ́ja Ìkẹ́nnẹ́

Àǹtí tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn. Ẹja mi kan ń yọ funfun funfun bí iyọ̀ lára nígbà ọyẹ́, wọ́n ń fi ara ha ẹ̀gbẹ́ kànga ẹja. Ẹnìkan sọ fún mi pé "kòkòrò onírun" ni. Ṣé irú èyí tí ẹ ń sọ yìí náà nìyẹn? Bó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tí ẹ fi ń sin ín nínú ìgò?

Alálábù Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín kò já lu ohunkóhun. Ìdílé ńlá kan náà ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Bó bá jẹ́ kòkòrò onírun ló fa funfun yẹn, Ichthyophthirius multifiliis ló sábà máa ń jẹ́ nínú omi aláìníyọ̀. Abẹ́ awọ ẹja ló ń wọ̀ tó ti ń jẹun, ó lè tóbi dé mìlímítà kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i láìsí máíkíróskóòpù. Bó bá yó, á já bọ́, á di ara rẹ̀ mọ́nú bí ẹyin, á pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àwọn yẹn á sì tún wá ẹja lọ. Ẹ ha ara ẹja náà díẹ̀ sórí gíláàsì. Bí ẹ bá rí ohun róbótó tó ń yí bìrìbìrì, tí kókó inú rẹ̀ sì tẹ̀ bí bàtà ẹsẹ̀ ẹṣin, òun náà ni. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má fi oògùn kankan sí omi, ẹ pe dókítà ẹran. Nínú òkun, Cryptocaryon irritans ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn sí ẹja.

Euplotes Tíṣà kì í jẹ ẹja. Bakitéríà àti ewé omi tó kéré ju ojú lọ ló ń jẹ, àwọn ẹ̀dá bí edé kéékèèké á wá jẹ òun, ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin á sì jẹ àwọn yẹn. Ẹja tí wọ́n ń tà ní Màkún-Omi, ọ̀nà yẹn ló gbà dé inú àwọ̀n.

Bàbá Tíṣà, Ṣágámù

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohun tí o kọ nípa irọ́ àti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn mú mi jókòó tì fóònù yìí. Jẹ́ kí n sọ bí o ṣe máa rí i láàyè, torí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń yára pa á kí ẹ tó wò ó tán.

Èkíní, ìwọ̀n rẹ̀. O kò sọ bó ṣe gùn tó. Wo ara lẹ́ǹsì ojú, bóyá wọ́n kọ 10x/18 sí i. 18 yẹn ni kí o fi 40 pín: ó di 0.45 mìlímítà, ìyẹn máíkírómítà 450. Bí gbogbo ojú ìmọ́lẹ̀ tí o ń wò ṣe fẹ̀ láti etí dé etí nìyẹn. Bí ẹranko rẹ bá gba ìdá márùn-ún rẹ̀, ó gùn tó nǹkan bí 90. Kì í ṣe ìwọ̀n aláìlábùkù, ṣùgbọ́n ó sàn ju "ó kéré gan-an" lọ. Má wọn ẹyọ kan. Wọn ogún, kí o kọ èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù sílẹ̀, torí ẹ̀dá tó yó àti èyí tí ebi ń pa kì í ṣe ọgbọọgba.

Èkejì, bí o ṣe máa dá a dúró. Fi fasilíìnì tó tó orí abẹ́rẹ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gíláàsì ìbòrí kó má tẹ̀ ẹ́ pa. Wá fi etí bébà kan omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kí bébà máa fa omi. Gíláàsì á máa wálẹ̀, ẹranko náà á dúró, ikùn rẹ̀ á sì tẹ́jú fún ọ. Àkókò yẹn ni kí o kà. Ṣùgbọ́n ṣáájú kí o tó fà á ni kí o ti wọn gígùn rẹ̀, torí bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, á fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, yà á. Fi pẹ́ńsù yà á. Fọ́tò á gba ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ tó ń yàwòrán ló ń béèrè pé, ìdì kẹfà yìí, ṣé ó wà lápá òkè ìkeje ni àbí ìsàlẹ̀? Mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí ikùn rẹ̀ bá kọjú sí ọ, apá òsì ẹranko náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, bí ìgbà tí èèyàn bá dojú kọ ọ́. Pátákó irun ẹnu rẹ̀ apá òsì ló wà. Bí o bá wá rí i lọ́wọ́ òsì rẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni o ń wò, o kàn ń rí ẹnu náà gba inú ara rẹ̀ kọjá ni. Mo ti rí ọ̀gá ńlá tó ṣe àṣìṣe yìí.

Má jẹ́ kó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ pé tíṣà lásán ni ọ́. Tíṣà ilé ìwé ni Alfred Kahl ní Hamburg, ní Jámánì. Iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde láti 1930 sí 1935 lórí àwọn onírun wẹ́wẹ́ yìí, títí di òní ni àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣí i. Orúkọ tí o sì dárúkọ yẹn, bó ṣe gùn tó nìyí: Euplotes vannus (Müller, 1786) Minkjewitsch, 1901. Müller ará Dẹ́máàkì ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ìwé rẹ̀ kò jáde títí ó fi kú. Àkámọ́ tó yí orúkọ rẹ̀ ká ń sọ pé ìdílé (genus) mìíràn ló fi ẹ̀dá náà sí, Minkjewitsch ló gbé e wá sínú Euplotes. Láti 1786 ni wọ́n ti ń tún un wò. Ìwọ náà, rọra.

Tíṣà Ọmọ Olómi, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni. Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún ọgbọ́n 18 yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sára lẹ́ǹsì lóòótọ́, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lo máíkíróskóòpù náà tí n kò bi ara mi pé kí ló wà fún.

Mo wọn ogún. Èyí tó kúrú jù jẹ́ bíi 70 máíkírómítà, èyí tó gùn jù sún mọ́ 100. Méjì nínú wọn ń pín lọ́wọ́, mo yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò nítorí ẹni tó ń bímọ kì í ṣe ẹni tí à ń wọn gíga rẹ̀, mo sì fi méjì mìíràn rọ́pò.

Kíkà ẹsẹ̀ ló gba sùúrù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ka 8, mo ka 11, mo ka 9, inú bí mi. Nígbà tó yá ni mo rí i pé mo ń fa omi yára jù. Mo yí i padà: ìkán omi kékeré, bébà tín-ín-rín, mo sì ń ka ọgọ́rùn-ún nínú ọkàn kí n tó tún fi bébà kàn án. Ẹranko náà rọra dúró. Ìdì márùn-ún ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ hàn, wọ́n nípọn, wọ́n tò bí ìka ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gun òkè lọ, mo ń yí lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ kí ojú ikùn rẹ̀ má bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹ́wàá. Mo pe ọmọ kíláàsì mi kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀, n kò sọ iye tí mo kà fún un. Ó fi ojú kan wò ó pẹ́. Ó ní, "Mẹ́wàá ni, Mà, ìkan sì fara pamọ́ sẹ́bàá ẹnu." Mẹ́rìnlá nínú ogún ni a lè kà láìṣiyèméjì, 10 àti 5 ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mẹ́fà tó kù bẹ́ tàbí wọ́n sá.

Mo tún kán methyl green, aró tó ń kun kókó sẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ sí i, kókó ńlá inú rẹ̀ sì hàn kedere, ó tẹ̀ bí C. Ti kékeré kò hàn sí mi.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ nìyí: "Euplotes, irú rẹ̀ kò tíì dájú. Ara pákó ọkọ̀ ní etí òkun Òde-Omi. Ìdì iwájú àti àárín 10, ti ẹ̀yìn 5. Kókó ńlá bí C. A kò tíì rí àwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀." Àwọn ọmọ náà bínú pé kò ní orúkọ pípé. Mo ní kí wọ́n wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, iṣẹ́ wa tó kù ló wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́, mo rí nǹkan mìíràn nínú ìyókù omi ìgò èkíní, èyí tí n kò fi omi ọ̀rá bà jẹ́. Ó ń gbé inú ilé bí ife, ìdí ife náà rí ṣónṣó, iyanrìn wẹ́wẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yíká. Ẹranko náà yọ orí, ó fi adé irun rẹ̀ yí omi, ó tún fà wọlé. Mo ti kà pé Tintinnopsis ni wọ́n ń pe irú wọn, àti pé ilé yẹn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí, mo yà á, ó sì lọ. N kò ní pe òun náà lórúkọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alálábù, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe kí àwọn Euplotes mi lè dé ọ̀dọ̀ yín láàyè kí ẹ fi fàdákà kùn wọ́n?

Alálábù Àgọ́-Ìwòyè

Tíṣà, ẹ kú sùúrù. Mẹ́rìnlá nínú ogún tí ẹ kà láìṣiyèméjì dára ju ogún tí ẹ bá fi agídí kà lọ.

Ẹ má pa wọ́n sílé. Ẹ gbé ìgò náà wá bó ṣe wà, kó má kún dé ẹnu, kí ẹ fi aṣọ tútù wé e, má jẹ́ kó wà nínú búùtù mọ́tò. Méjì ni màá pín wọn sí níbí. Apá kan, silver nitrate fún àwọ̀n ẹ̀yìn. Apá kejì, màá fi oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní Bouin mú wọn le, kí n tó fi protargol, aró mìíràn tó ní fàdákà nínú, kùn wọ́n, èyí á fi ìdì irun àti kókó hàn dáadáa. Ó pẹ́ tí ohun èlò yẹn ti ṣòro rà, silver nitrate àti peptone la fi ń ṣe é fúnra wa báyìí, inú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ la sì ń kó o sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, bí silver nitrate bá kan ọwọ́ yín, á dúdú fún ọjọ́ púpọ̀.

Bí àwọ̀n náà bá jẹ́ olójú kan ṣoṣo, agbo vannus la wà, ìyàtọ̀ láàárín vannus àti crassus á sì kù. Ibẹ̀ ni jíìnì máa sọ̀rọ̀. Màá yan bíi márùn-ún, màá fi omi òkun sísẹ́ fọ̀ wọ́n léraléra kí bakitéríà lè dín kù, màá sì kó wọn sínú ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lì di ìgbà tí a bá rí ibi tí wọ́n á ti kà á.

Ẹ mú ọmọ tó rí ìkan sẹ́bàá ẹnu yẹn dání.

Tíṣà Ọmọ Olómi, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbà. Sátidé tó ń bọ̀ la ó wá. Àbúrò ìyá mi sì ti pè láti Òde-Omi pé kò tíì ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kejì, ó ní òun fi sílẹ̀ fún wa.